Ilẹ̀kùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kàn

Láti ọjọ́ tí mo ti Jámánì dé sí Ìlọrin fún ìsinmi, ìbéèrè méjì péré ni àwọn ará agboolé wa ní Pàkátà ń bi mí. Báwo ni òtútù ibẹ̀ ṣe rí? Èló ni wọ́n ń san níbẹ̀? Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti rí ìwé ìgbàwọlé gbà sí Jámánì, oṣù kẹwàá ló ń gbéra. Òun náà, ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gbé kò mí lójú. "Àǹtí, irú èwo ni kí n rà?" Mo ní kó má wulẹ̀ náwó lé e níbí, kó dé ọ̀hún ná, kó ra èyí tí ẹlòmíì ti wọ̀ rí, nítorí bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe.

Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà wálé. Jákẹ́ẹ̀tì kan àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ti yanjú ìyẹn. Ilẹ̀kùn yàrá mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi lálẹ́ àná, kò yé e, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tó gba kí èèyàn fara balẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Bàbá mi ń hun aṣọ òfì. Màmá mi ń ta ata ní Ìpátà. Èmi ni àkọ́bí wọn, Yunifásítì Ìlọrin ni mo sì ti ka kẹ́mísìrì. Ohun tó jẹ́ kí a fojú sí Jámánì ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, kódà lọ́wọ́ àlejò. Owó kékeré kan ni wọ́n ń gbà ní sáà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí wọ́n tó fún èèyàn ní físà, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó tí òun máa fi jẹun fún ọdún kan. Ní 2023 tí mo lọ, 11,208 yúrò ni. Inú àkáǹtì kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní blocked account ni wọ́n ń kó o sí. Tìrẹ ni owó náà, ṣùgbọ́n o kò lè fọwọ́ kàn án bó ṣe wù ọ́. 934 yúrò ni wọ́n ń tú sílẹ̀ fún ọ lóṣooṣù. (Ó di 11,904 ní 2024, 992 lóṣù, kí ẹnikẹ́ni má baà lo ìṣirò tèmi.)

Láti oṣù kìíní la ti ń kó owó yìí jọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó tí a rò pé ó ti pé kò pé mọ́. Bàbá mi ta ilẹ̀ kan tó ní lójú ọ̀nà Ṣàárẹ́. Màmá mi bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ, wọ́n jẹ́ kó kó tirẹ̀ ṣáájú àsìkò. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Ọ̀fà fi tirẹ̀ kún un. Èèyàn 9 ló dá owó náà. Mo kọ orúkọ wọn àti iye tí kálukú mú wá sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ kan, mo sì gbé ìwé náà dání lọ, mo rò pé á máa fún mi lókun. Ẹrù ló jẹ́ fún mi. Ẹni tó bá gbé orúkọ èèyàn 9 lọ sókè òkun, kì í rọrùn fún un láti pe ilé pé nǹkan ò rí bí òun ṣe rò.

Leipzig ni ìlú tí mo lọ. Alẹ́ Sátidé ni mo wọ̀ ọ́. Mo jí lọ́jọ́ kejì pé kí n lọ ra búrẹ́dì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì pa. Wọn kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sọ́ńdè ní Jámánì, àyàfi àwọn díẹ̀ bí irú àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, èmi ò sì mọ̀. Gààrì àti kúlíkúlí tí màmá mi tì bọ inú báàgì mi, tí mo ti ń bá a jà lórí rẹ̀ pé ó wúwo, òun ni mo jẹ láàárọ̀, òun ni mo jẹ lálẹ́.

Mi ò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ ìwé gùn, torí gbogbo ẹni tó ti lọ ló máa sọ ọ́ fún yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọlé, lọ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìlú. Anmeldung ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á béèrè ìwé tí onílé fọwọ́ sí pé lóòótọ́ lò ń gbé ibẹ̀. Bí ìyẹn ò bá sí, nọ́ńbà owó orí ò ní jáde, ìwé àṣẹ ìgbélùú á dúró. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo pé kí èèyàn má sanwó yàrá tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ kò fojú rí. Ẹnì kan tí a jọ kàwé níbí fi owó ránṣẹ́ sí yàrá tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ló wà. Kò rí owó náà gbà padà.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, mo ń ti ìgboro bọ̀ lálẹ́ nígbà tí mo já sí gbàgede ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Augustusplatz. Èèyàn kún ibẹ̀, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Wọ́n to àwọn àbẹ́là kan sílẹ̀ ní ìrísí nọ́ńbà 89. Mo rò pé èèyàn ńlá kan ló kú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tilẹ̀ sún díẹ̀ kí n lè ráyè. Mi ò bi í ní ohunkóhun. Mo lọ sílé. Ó di oṣù kejì ọdún kejì kí n tó mọ ohun tí mo fojú rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé kan náà lèmi àti ẹni tó sọ ọ́ fún mi jọ ń sùn láti ọjọ́ náà wá.

Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ onílé jẹ́ obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, ọmọ bíbí Leipzig. Ọmọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wà ní yàrá kejì, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Èmi ni ẹ̀kẹta. Ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan.

Wàhálà tí mo kọ́kọ́ ní pẹ̀lú obìnrin yìí, kò mọ̀ pé mo ní in. Èdè Jámánì ní "Sie," ó sì ní "du." Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa, àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́ dàgbà ń ráhùn pé ó le, lójú tèmi, "ẹ" àti "o" náà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Inú mi dùn sí i. Ibi tó ti yàtọ̀ ni mi ò tètè rí: lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ orí kọ́ ló ń pàṣẹ rẹ̀, bí èèyàn bá ṣe súnmọ́ra ni. Àwọn tó ń gbé fúláàtì kan náà, "du" ni wọ́n ń pe ara wọn, kódà kí ọ̀kan lè bí èkejì. Ọjọ́ tí mo kó dé ló ti ní kí n máa pe òun lórúkọ. Mi ò lè ṣe é. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ màmá mi! Kí n wá dìde kí n máa ké orúkọ rẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni ń pe ọmọdé! Mo wá ọgbọ́n dá sí i. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àfi tó bá kọjú sí mi. Odidi oṣù mẹ́rin, mi ò pè é ní nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń fún un. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kí ojú òun bá tirẹ̀ pàdé ni mí.

Ilẹ̀kùn mi sì ń wà ní títì. Kò sí ohun búburú nídìí rẹ̀. Ọmọbìnrin ilé wa kì í ṣí yàrá rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí wà nínú ilé. Mò ń kírun níbẹ̀. Mò ń ṣí ìborùn mi níbẹ̀. Mi ò ro ti ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ní Pàkátà, bí o bá ti ilẹ̀kùn, ńṣe lo pe èèyàn. Bí mo bá tì í mọ́rí di aago mẹ́jọ àárọ̀, Alhaja, ìyá bàbá mi, á ti rán ọmọdé méjì wá kàn án. Bí mi ò bá tètè dáhùn, wàá gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀: "Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?" Àwọn tó kọjá lọ síbi òfì á béèrè. Ẹni tó wá ra ata á béèrè. Mo wá jókòó sínú yàrá mi ní Leipzig, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń dúró kí ẹnì kan wá kàn án.

Ẹnikẹ́ni kò kàn án. Oṣù kọkànlá kọjá. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ó ń di lẹ́yìn aago mẹ́jọ kí oòrùn tó yọ, nígbà tó bá sì fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Bí mo ṣe ń kí Àílà tán ni Àlàásárì ń wọlé, kí n tó jẹun tán, Màgàríbà ti dé.

Láàárín àsìkò yìí ni létà kan wá, orúkọ mi ló wà lójú rẹ̀. 55.08 yúrò, owó oṣù mẹ́ta, fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní rédíò, mi ò ní tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé gbájúẹ̀ ni. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Òmíràn dé, ó ti le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí fóònù, mo rí ohun tó jọ "ìjìyà," mo tì í. Láti ìgbà náà lọ, mi ò kì í fẹ́ ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ìborùn mi wà.

Mo tún wá iṣẹ́. Òfin ìgbà náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ 120 lọ́dún, tàbí ààbọ̀ ọjọ́ lọ́nà 240; láti oṣù kẹta 2024 ló ti di 140 àti 280. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni mo lọ, lálaalẹ́, torí pé kí Kérésìmesì tó dé, ẹrù máa ń pọ̀ gidigidi. Owó náà dùn mọ́ mi. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa dá àjọ màmá mi padà kí ọdún tó yí. Mò ń dé láàárọ̀, mò ń sùn ní kíláàsì, mi ò ka íméèlì.

Ohun tí mi ò mọ̀ rèé. Ní ilé ẹ̀kọ́ mi, pé o forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan, tí o sì ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, kò túmọ̀ sí pé o máa ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìdánwò fúnra rẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó ń ṣí wà, ọjọ́ tó ń tì sì wà. Ìdánwò oṣù kejì, inú oṣù kejìlá ni wọ́n ti tì í. Íméèlì wá lóòótọ́, ní èdè Jámánì, láàárín ogójì mìíràn. Oṣù kìíní ni mo rí i. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ni mo ń ṣe. Mẹ́ta, ọ̀gá wa kan ti darí wa láti forúkọ sílẹ̀ fún wọn nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kẹrin, èyí tó le jù, kò sí orúkọ mi níbẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílé, mo ti mọ bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi dé òpin, ó fi sùúrù ṣàlàyé pé àkókò ti kọjá, pé ìgbà tí wọ́n bá tún kọ́ kọ́ọ̀sì náà lọ́dún tó ń bọ̀ ni mo máa tó lè ṣe é. Ó fún mi ní omi. Kò kanra rárá, kò sì sí ohun kankan lójú rẹ̀ tí èèyàn lè dì mú láti tún bẹ̀bẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń pe bàbá mi lẹ́yìn ìrun. Láti oṣù kọkànlá ni mo ti sọ fún un pé ìdánwò kan wà tó ń dẹ́rù bà mí, mo sì ti sọ ọjọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sára ògiri lẹ́bàá òfì rẹ̀. Ó ń bi mí pé ṣé mò ń múra sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo wà lórí ibùsùn. Màmá mi fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwo àkàrà ńlá kan ni, àwọn ọmọ agboolé jókòó yí i ká, Alfa wà láàárín, ọwọ́ gbogbo wọn sì wà lókè. Wọ́n ti ka Yásín. Alhaja wà ní igun kan, ó jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Màmá mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "A ti ṣe sàráà rẹ o. Máa lọ, Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ." Mo wo fọ́tò náà títí ojú fóònù fi ṣú. Mo kọ "Àmín" ránṣẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ibà mú mi. Bóyá ìbànújẹ́ ni, bóyá ọ̀fìnkìn lásán ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò jáde, àfi tí mo bá yọ́ lọ sí balùwẹ̀ lóru, láìtan iná. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró abọ́ nílé ìdáná. Ìró ẹsẹ̀ náà á dé ẹnu ọ̀nà mi, á dúró díẹ̀, á sì lọ. Mo ronú pé bí mo bá kú síbí, òórùn ló máa sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ara fúyẹ́ díẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀sán. Báàgì aṣọ kan wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn níta. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, atalẹ̀, páálí tíì kan, oyin, àti ìwé pélébé. Nọ́ńbà méjì ló wà lórí ìwé náà: 116117, tí èèyàn lè pè bí ó bá nílò dókítà lẹ́yìn àkókò iṣẹ́, àti 112 bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ pé bí mo bá fẹ́ ọbẹ̀, kí n kan ilẹ̀kùn òun, ìgbàkígbà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà wà lókè rẹ̀. Ọjọ́ kejì àìsàn mi ni. Gbogbo òru tí mo fi ń yọ́ jáde nínú òkùnkùn, mi ò rí i.

Mo bá a nílé ìdáná. Mo dúpẹ́. Mo wá bi í, pẹ̀lú èdè Jámánì mi tí kò tíì dán: kí ló dé tí o kò fi kàn án? "Du" ni mo lò, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo yẹ kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Ilẹ̀kùn rẹ wà ní títì. Láti oṣù kẹwàá ló ti wà ní títì."

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Nínú irú ilé bíi tiwa yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ á jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ìbáà jẹ́ bí ìka kan. Ẹni tó bá tì í ń sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ òun jẹ́ẹ́, ó ní ohun tí òun ń ṣe. Láti kan ilẹ̀kùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ àìmọ̀wàáhù. Òun náà ti rí i pé ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni mò ń húkọ́, ó ti wá dúró lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ̀ bóyá kí òun kàn án, ó bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀kùn tí mo tì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un nípa àìpè é lórúkọ, oṣù mẹ́rin lòun náà fi ń bọ̀wọ̀ fún mi nípa àìkan ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì ń ṣe dáadáa sí ara wa, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ara wa.

Èmi náà sọ ti Alhaja fún un, àti àwọn ọmọ méjì tó máa ń rán. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé àwọn létà jáde. Ó wò wọ́n, ó dìde, ó mú ìwé kan wá láti yàrá rẹ̀. Owó rédíò yẹn, ilé kan, owó kan ni: 18.36 yúrò lóṣù, iye yòówù kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́. Òun ti ń san án láti ọdún pípẹ́. Ohun tó kù ò ju kí n kọ nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti gbé ẹ̀rù yẹn sùn fún oṣù méjì.

Mo bi í nípa àwọn àbẹ́là náà. Ó ní 9 oṣù kẹwàá 1989 ni, ìgbà tí ìjọba kan tí kì í gba àtakò ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Àwọn èèyàn bíi 70,000 ló jáde sí ìgboro Leipzig lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ló sì ń retí pé wọ́n máa yìnbọn fún wọn. Màmá rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó dágbére fún un bí ẹni tí kò dájú pé òun máa padà, ó sì lọ. Wọn ò yìnbọn. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà ni ògiri Berlin ṣí. Ó sọ ọ́ tán, a jọ dákẹ́. Mo rántí obìnrin tó sún fún mi ní gbàgede. Ó ṣeé ṣe kóun náà ti rìn lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú.

Ó sìn mí lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò retí. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, bí ẹnì kan bá ṣe ń wọlé, á kí gbogbo wa ẹ káàárọ̀, gbogbo wa á sì dá a lóhùn, àwọn tí kò mọ ara wọn rí o. Ẹni tó ń lọ á dágbére. Inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Mo ti fi ti inú ọkọ̀ dájọ́ gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn Màgàríbà, tí mo bá ti borí. Mo se wàrà lọ́jọ́ kan. Kò sí ewé bòmubòmu ní Leipzig, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi dì í. Kò ṣe bíi ti Ìlọrin, ó ń já wúruwùru, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dín in pẹ̀lú ata, ọmọkùnrin ará Íńdíà yẹn jáde láti yàrá rẹ̀. Ó ní wọ́n ń ṣe ohun tó jọ ọ́ nílé wọn, ọ̀nà kan náà. Oṣù márùn-ún la ti ń gbé pọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ jókòó nìyẹn.

Ilé ló wá kù.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta 2024. Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn: aago Jámánì àti ti Nàìjíríà kò yàtọ̀. Bí ó bá lu mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ mi, ó lu mẹ́sàn-án ní Pàkátà. Lóru Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù náà, nígbà tí ààwẹ̀ ti lé ní ìdajì, wọ́n ti aago síwájú ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí aago méje tó lù ni mo ti sínu. Lọ́jọ́ yìí, aago méje lù, oòrùn ṣì wà lókè. Mo pe bàbá mi ní aago mẹ́sàn-án bí mo ṣe máa ń ṣe, kò gbé e. Aago mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ wọn, ó wà ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó pè padà, ó ti lé ní mẹ́wàá àbọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Bàbá, èsì ìdánwò kan ti jáde. Mo ní 1.3."

Ó dákẹ́. Ó ní, "Má ronú, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní dójú tì wá. Ṣé ò ń jẹun?"

Ó yé mi. Ní Yunifásítì Ìlọrin, 5.00 ló ga jù. Ẹni tó bá ní 1.3 ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Níbí, 1.0 ni òkè pátápátá. 4.0 ni ìsàlẹ̀ tí èèyàn ṣì fi lè yege. Ẹni tó bá gba 5.0 ló kùnà." Ó kígbe Alhamdulillahi. Ó pe màmá mi. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, pẹ̀lú ayọ̀ yẹn náà lóhùn rẹ̀: "Èyí tí a ṣe sàráà fún ńkọ́? Èló lo ní níbẹ̀?"

Mo sọ fún un. Iṣẹ́ alẹ́, íméèlì, ọ́fíìsì, fọ́tò, gbogbo rẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Ó ní, "Kì í ṣe ìdánwò tí o kò ṣe ló dùn mí. O jẹ́ kí n pe Alfa. O jẹ́ kí n kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, kí wọ́n máa ṣe àmín sí ohun tí kò sí. O sì ń wò wá."

Mo ń sunkún. Mo ní owó àjọ màmá ni mo fẹ́ dá padà. Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló bi ọ́ léèrè owó?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dá fóònù padà.

Bàbá mi ní, "Ìgbà wo ni wọ́n á tún un ṣe?"

"Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, sà."

"Ó dáa. A máa tún sàráà náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, kí o wà níbẹ̀."

Mo jáwọ́ nínú iṣẹ́ alẹ́. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ṣí, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ṣe é, ẹni tí a jọ ń gbélé sì jókòó tì mí, ó ń ka gbogbo ìlà rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n fi fọ́tò àwo àkàrà ránṣẹ́, mo sì wà nínú gbọ̀ngàn, fóònù mi wà ní pípa. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i. Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo pe ilé, mo ní, "Bàbá, 2.0 ni o."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kí mi, ó kí mi, ó pè mí ní orúkọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́: "Ṣùgbọ́n ṣé kò lè sún mọ́ ẹyọ kan yẹn díẹ̀ sí i ni?"